Họ́sítẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú nígbà òtútù: ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí

Mo fẹ́ràn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ńṣe ni mo wá bà wọ́n jẹ́. Bí kì í bá ṣe ti àwọn ilé tó ń ta bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo fún èèyàn nínú yàrá àjùmọ̀sùn, ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti dé nígbà òtútù ni ǹ bá má lè dé, torí owó hòtẹ́ẹ̀lì ì bá ti dá mi dúró sílé. Ṣùgbọ́n sísùn níbẹ̀ nígbà ooru àti sísùn níbẹ̀ nígbà tí yìnyín ń bọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Nígbà ooru, bẹ́ẹ̀dì mímọ́ àti balùwẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ti tó. Nígbà òtútù, gbogbo ilé náà lèèyàn ń sanwó fún: ooru rẹ̀, wákàtí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fi ń ṣí, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, ibi tí aṣọ tó rin á ti gbẹ.

Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Yìnyín tó bà lé kóòtù á yọ́ ní kété téèyàn bá wọlé. Òógùn ti rin ìbọ̀sẹ̀ láti inú, omi ti wọ bàtà láti ìta. Bí bàtà yẹn kò bá gbẹ kílẹ̀ tó mọ́, ọjọ́ kejì ti bàjẹ́, nítorí omi máa ń gba ooru lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbà á. Aṣọ òwú ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tó bá ti rin, kò lè mú ara móoru mọ́. Aṣọ onírun àgùntàn ṣì máa ń gbìyànjú bó tilẹ̀ rin.

Họ́sítẹ́ẹ̀lì tó mọṣẹ́, pàápàá àwọn tó wà lágbègbè òkè tí àwọn arìnrìn-àjò ẹlẹ́sẹ̀ ń wọ̀ sí, máa ń ya yàrá kékeré kan sọ́tọ̀ fún èyí: okùn gbọọrọ, igi tí wọ́n ń fi bàtà kọ́, hítà tí kì í sinmi, nígbà mìíràn ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Mo ti sùn níbi tí bẹ́ẹ̀dì ti ń dún ní gbogbo ìgbà tí mo bá yí ara padà, tí ọ̀dà ògiri ti ń ṣí, ṣùgbọ́n tí bàtà mi gbẹ táútáú láàárọ̀, mo sì tún padà síbẹ̀. Mo tún ti sùn nínú ilé kan tí fọ́tò rẹ̀ ń dán, tí wọ́n ya àwòrán aláràbarà sí gbogbo ògiri rẹ̀, àmọ́ tí kò síbi tí a lè sá ìbọ̀wọ́ lásán sí. Irin bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo wa fi kóòtù kọ́. Omi inú aṣọ àti èémí àwọn tó ń sùn kún yàrá, omi ń ṣàn lára gíláàsì fèrèsé, òórùn ọ̀rinrin gba gbogbo ibẹ̀, aṣọ kò sì gbẹ. Ẹnì kan wá gbé ìbọ̀sẹ̀ lé orí hítà iná mànàmáná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é láé, torí ibi tí iná ti ń ràn mọ́ ilé nìyẹn. Tí kò bá sí yàrá ìsáṣọ, ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú bàtà, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti fa omi. Bàtà awọ ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ hítà, nítorí awọ máa ń sán.

Mi ò rò pé mo le koko jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí òjò gan-an ló bí iṣẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1909, Richard Schirrmann, olùkọ́ kan ní Jámánì, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rin ìrìn àjò ẹlẹ́sẹ̀. Ìjì òjò ká wọn mọ́ ọ̀nà, ilé ìwé abúlé kan ni wọ́n sá wọ̀, orí koríko gbígbẹ ni wọ́n sì sùn. Ibẹ̀ ló ti rò ó pé ó yẹ kí irú ibùwọ̀ bẹ́ẹ̀ wà káàkiri fún àwọn ọ̀dọ́. Èyí àkọ́kọ́ tó wà títí lọ ṣí ní ọdún 1912, nínú ilé olódi Altena. Ní 1932, àwọn ẹgbẹ́ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan para pọ̀ ní Amsterdam láti dá àjọ họ́sítẹ́ẹ̀lì àgbáyé sílẹ̀. Tí a bá wá dá irú ilé yìí sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ tí òjò pa, tí ẹni tí òjò pa kò wá ríbi sá aṣọ sí, wọn ò tíì ṣe ojúṣe wọn lójú tèmi.

Ọ̀rọ̀ ooru inú yàrá ló kàn. Ọ̀pọ̀ ilé ni hítà wọn ń tẹ̀ lé aago: á kú lóru, á tún tàn nígbà tílẹ̀ bá fẹ́ mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2018 pé ó kéré tán, kí inú ilé wà ní 18°C nígbà òtútù. Tí mo bá kọ̀wé sí họ́sítẹ́ẹ̀lì kí n tó sanwó, mo máa ń bi wọ́n ní tààrà bóyá hítà ń ṣiṣẹ́ láago mẹ́ta òru, àti bóyá wọ́n lè fún mi ní kúbùsù kejì. Èsì wọn á fi ohun púpọ̀ hàn mí. Àwọn kan á dáhùn kíákíá, wọ́n á tún sọ bẹ́ẹ̀dì tó jìnnà sí fèrèsé fún mi; àwọn mìíràn á ní kí n má ṣèyọnu, wọn ò ní dáhùn ìbéèrè.

Nípa bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè, nítorí náà òkè ni mo máa ń mú nínú ilé tó tutù, ìsàlẹ̀ ni mo sì máa ń mú níbi tí hítà ti ń jó èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ooru àpọ̀jù náà wà. Tí yàrá bá móoru jù láìsí aṣọ tútù nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbẹ débi pé ọ̀fun á máa han èèyàn, ètè á sì là. Omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbà mí. Àríyànjiyàn fèrèsé kò sì lè tán láàárín àwọn tó jọ ń sùn. Kí a ṣí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó kú, kí a wá tì í, ni mo ti rí tó ń mú kí àlàáfíà jọba.

Ohun kan ṣoṣo ló lè mú kí n gbé ẹrù mi kúrò lójú ẹsẹ̀: hítà tó ń jó gáàsì, igi tàbí kẹrosíìnì nínú yàrá ìsùn, tí kò sí ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ nípa carbon monoxide. Afẹ́fẹ́ yẹn kò ní òórùn, ojú kò sì lè rí i, àwọn tó ń sùn ló sì máa ń tètè pa.

Ìdun náà ń bẹ o. Àwọn kan gbà pé òtútù ti lé wọn lọ, ṣùgbọ́n ilé tó móoru ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú wa. Nítorí wọn ni ọ̀pọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì kì í fẹ́ kí àlejò mú àpò ìsùn tirẹ̀ wọlé, mi ò sì bá wọn jà. Kí n tó tẹ́ aṣọ, mo máa ń tan iná fóònù wo ojú rírán mátírẹ́ẹ̀sì bóyá àmì dúdú wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀. Báàgì mi kì í sì gun orí bẹ́ẹ̀dì. Tí mo bá délé, omi gbígbóná 60°C ni aṣọ ń bá pàdé.

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣọ ni ilé tó ń ti yàrá mọ́ èèyàn lọ́sàn-án kí wọ́n lè gbálẹ̀. Nígbà ooru, kò sẹ́ni tó bìkítà. Nígbà òtútù, tí òòrùn ti ń wọ̀ ní kùtù ìrọ̀lẹ́, ìyà gbáà ni. Bákan náà, òṣìṣẹ́ kì í pọ̀ lásìkò yìí, káúńtà tí wọ́n ti ń gba àlejò máa ń tètè tì, àwọn ilé kan sì máa ń tì pátápátá títí òtútù á fi lọ. Yìnyín lè dá ọkọ̀ ojú irin dúró, kéèyàn dé lóru sí ẹnu ilẹ̀kùn tó ń fi nọ́ńbà ṣí. Bátìrì fóònù kì í sì lágbára nínú òtútù, ó lè kú lójijì. Orí ìwé ni kí ẹ kọ nọ́ńbà ilẹ̀kùn náà sí, kí ẹ fi sí àpò inú kóòtù.

Síbẹ̀, ilé ìdáná! Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tó lè fún mi ní irú rẹ̀. Àlejò ò pọ̀, ibi kan ṣoṣo tó móoru jù nínú ilé ni gbogbo wa ń péjọ sí, ìkòkò ń hó, ẹni tó ti ibi tí mò ń lọ lọ́la bọ̀ á sọ ọ̀nà tí yìnyín ti dí fún mi. Ìgbà mìíràn, èmi nìkan ni mo ń sùn nínú yàrá èèyàn mẹ́fà. Ẹni tó ní ikọ́ fée, tàbí tó gbé ọmọ ọwọ́ dání, kó gba yàrá àdáni nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì kan náà. Owó rẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀ nígbà òtútù, àfi lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ṣeré lórí yìnyín, torí àsìkò yẹn gan-an ni ọjà wọn ń tà.

Tí ẹ bá fẹ́ ka ohun táwọn ẹlòmíì kọ nípa ilé kan, èyí tí wọ́n kọ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni kí ẹ wá ní àríwá ayé, tàbí oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ní gúúsù. Kí ẹ sì bèèrè ohun kan sí i: lẹ́yìn tí mo bá ti dá kọ́kọ́rọ́ padà láàárọ̀, tí ọkọ̀ mi di alẹ́, ṣé mo lè jókòó sí pálọ̀ yín? Ilé tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tó sì ní yàrá ìsáṣọ, ìràwọ̀ márùn-ún ni mo ń fún un, bí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bá fẹ́ kó máa dún.