Skánà Bluetooth tí mo rà fún mọ́tò oníná mi: òótọ́ ló sọ, èmi ni mi ò gbọ́ ọ yé

₦9,000 ni mo rà á, ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn. Skánà pélébé tí wọ́n ń kì bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni, fóònù á wá máa ka ohun tó bá rí. Parakin níbí ní Ifẹ̀ ni mò ń gbé, Iléṣà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bíi kìlómítà 30 ní àlọ, tókúnbọ̀ oníná ni mò ń gbé lọ, tí NEPA bá ti mú iná wá lóru mo ti fi í sí ṣáájì nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ni ìyá tó ń gbé òdìkejì wa kanlẹ̀kùn, wọ́n ní "Bàbá Ìbejì, iná ẹ̀yìn mọ́tò yín ò kú o." Mo jáde, lóòótọ́ bíréèkì láìtì ń jó pupa fòò, ti inú gíláàsì ẹ̀yìn náà ń jó, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò mi. Mo ní á kú tó bá yá, mo lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, mọ́tò ò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ báàtìrì ńlá tó ń wa mọ́tò gan-an wà ní 80%! Ibi tí mọ́tò oníná ti ń dùn mí nìyẹn, báàtìrì kékeré 12 volt bíi ti mọ́tò elépo ló ń jí gbogbo nǹkan, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún iná báàtìrì ńlá, tóun bá ti kú, ọlọ́rọ̀ tó sọ kọ́kọ́rọ́ sééfù nù ni ẹ. Gílóòbù bíréèkì kan 21 watt, méjì 42, ìyẹn bí ampere mẹ́ta àbọ̀, báàtìrì 45 Ah á gbẹ kí wákàtí 13 tó pé. Corolla aládùúgbò la fi jọ́ńpù ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ríjẹ́ẹ̀nì ni, pé tí èèyàn bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tórótù, tí ẹ̀rọ tó ń yí taya ń dá iná padà sí báàtìrì, bíréèkì láìtì lè tàn fúnra ẹ̀. Kò parọ́, UN R13-H, òfin àjọ UN lórí bíréèkì mọ́tò, gan-an ní tí ríjẹ́ẹ̀nì bá ń dín eré kù ju 1.3 m/s² lọ, iná gbọ́dọ̀ tàn. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó dúró sójú kan, tí taya ò yí, níbo ló ti fẹ́ rí ríjẹ́ẹ̀nì?

Ìgbà yẹn ni mo ra skánà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ó bí mi nínú gan-an, áàpù ọ̀fẹ́ tó bá a wá ń wá ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì wo? Mo tún san owó áàpù tó jẹ́ ti irú mọ́tò mi. iPhone ìyàwó mi ò rí i rárá, Android ló gbà. Nígbà tó ṣí, mo wá ibi "brake switch", ìyẹn síwíìṣì tó ń tan iná bíréèkì tí wọ́n bá tẹ pẹ́dàlì, ó kọ ON, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì wà níta. Mo ní síwíìṣì ti bàjẹ́, ó tán.

Ibẹ̀ ni mo ti náwó dànù. Mo ra síwíìṣì tuntun ₦14,000, bàbá réwáyà kan ní Lagere bá mi pààrọ̀ ẹ̀, a wo fóònù, ON. Mo fẹ́ sunkún. Bàbá kàn yọ síwíìṣì náà, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnì ẹ̀, wọ́n ní "lọ wẹ̀yìn." Iná kú. Wọ́n yọwọ́, iná tàn. Àṣé òdì ni mo ń rò ó látọjọ́ yìí! Irin pẹ́dàlì ló ń tẹ bọ́tìnì yẹn nígbà tẹ́nikẹ́ni ò tẹ bíréèkì, tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì ni irin á kúrò níbẹ̀, bọ́tìnì á yọ síta, iná á tàn. Bọ́tìnì tí ò bá rí ohun tó tẹ̀ ẹ́, iná ẹ̀ ò ní kú. Bàbá gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ṣa èérún pílásítíìkì mẹ́ta-mẹ́rin, ó ń rún bíi kúlíkúlí. Pílásítíìkì tí ò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ ló máa ń dí ihò kan lára irin pẹ́dàlì, ó ti gbó, ó ti já, bọ́tìnì síwíìṣì wá ń wọnú ihò lọ.

Skánà ní síwíìṣì ń sọ pé wọ́n ń tẹ bíréèkì, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń sọ. Èmi ni mo fi "ó ti bàjẹ́" kún un.

Bàbá fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dí ihò náà, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi gbé mi lọ gbé mi bọ̀ kí ojúlówó ẹ̀ tó ti ọjà Ladipo l'Ékòó dé, ₦1,200 péré. ₦3,000 ni wọ́n gbà, ojú tì mí, mo fi ₦2,000 sí i. Àwọn àmì tó ti ń pè mí tẹ́lẹ̀ wá ń padà sọ́kàn mi: cruise control, tó máa ń di eré mọ́tò mú fúnra ẹ̀, ti kọ̀ mí sílẹ̀ lọ́nà Òṣú, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń tan fúláìtì sí mi, mo rò pé wọ́n kàn ń ṣe wèrè ni, mọ́tò sì ń bọ́ sí READY, ìyẹn pé ó ti ṣe tán láti rìn, láìtẹ bíréèkì, èyí tó burú jù, torí àwọn ìbejì máa ń ṣeré nínú ẹ̀.

Ibi tí skánà ti wá wúlò gan-an ni ìgbà tí mò ń tún síwíìṣì sún, mo ń tẹ pẹ́dàlì díẹ̀díẹ̀, mo ń wo ON àti OFF lórí fóònù láìsí pé ẹnì kan dúró sẹ́yìn mọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ máa yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ti lò ó tán o, báàtìrì kékeré yẹn náà lòun náà ń mu lóru. 3 nínú 5 ni mo fún un, owó áàpù ló jẹ́ kó dín.

Síwíìṣì àtijọ́ tí nǹkan kan ò ṣe ṣì wà nínú dùrọ́ọ̀ mi, ẹni tó bá nílò ẹ̀ ní Ifẹ̀ kó wá mú un, mi ò ní gba kọ́bọ̀.