Àgbéyẹ̀wò: Àwòrán Ọ̀dà Olómi ti Aṣálẹ̀ Sonora

Ẹni tó ya àwòrán yìí mọ aṣálẹ̀ tó yà dáadáa. Aṣálẹ̀ Sonora ni, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, lórí ilẹ̀ àwọn Tohono O'odham, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀. Òkè Baboquivari, tó ga ju mítà 2,300 lọ, dúró gedegbe lẹ́yìn. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni I'itoi wà, Ẹ̀gbọ́n Àgbà tí ìtàn wọn sọ pé inú ihò àpáta òkè náà ló ń gbé. Wọ́n yà á bí ọkùnrin kékeré tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́kuwọ̀ku tó rí róbótó, àmì kan náà tí àwọn O'odham ń hun sára apẹ̀rẹ̀. Òṣùpá ní ojú àti ẹnu, ehoro sì dé fìlà. Eré pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ eré náà kò ba òtítọ́ jẹ́.

Ẹ wo igi saguaro, tó jọ ọrọ́ wa lójú. Alẹ́ ni òdòdó funfun rẹ̀ máa ń là, á sì pa dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Alẹ́ náà ni wọ́n yà á sí, àdán sì ń ki ẹnu bọ òdòdó. Saguaro kékeré kan sá sábẹ́ igi palo verde, bó ṣe máa ń rí gan-an, torí igi yẹn ló ń ṣíji bò ó títí yóò fi lágbára. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni òkìtì yanrìn apá òsì: ilẹ̀ olókùúta ni saguaro ti ń hù, kì í hù lórí yanrìn tí atẹ́gùn ń gbé kiri.

Bébà òwú ni, gíráàmù 300 fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan; ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 28, èkejì jẹ́ 38. Tí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí ẹyọ àwọ̀ búlúù ultramarine tó rọ̀ sínú kòtò wẹ́wẹ́ ara bébà, òun ló jẹ́ kí òjìji òkè rí bí àpáta. Ó wù mí púpọ̀.

Píǹkì ojú ọ̀run ló ń kọ mí lóminú. Píǹkì tó bá ń tàn yòò báyìí tètè ń ṣá nínú oòrùn. Kí ẹ tó rà, ẹ bi ayàwòrán ní nọ́ńbà tó wà lára túùbù ọ̀dà rẹ̀, èyí tó ń sọ irú èròjà tó fún un láwọ̀: PV19 máa ń pẹ́, PR83 kì í pẹ́.

Férémù tó bá a wá kò dáa rárá. Gíláàsì fara kan bébà, wọ́n sì fi sẹ́lótéèpù lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bébà máa ń fẹ̀ tí ọ̀rinrin bá mú un, á sì sún kì nígbà ọyẹ́. Tí wọ́n bá dè é mọ́lẹ̀ yíká, á wú gudugbẹ-gudugbẹ. Ẹ má fa sẹ́lótéèpù náà ya, yóò bó ojú bébà. Kí oníférémù fi ooru díẹ̀ tú u. Kó gé fèrèsé sí páálí aláìní ásíìdì, kí gíláàsì má bàa kan àwòrán, kó sì fi bébà Japan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì àti gọ́ọ̀mù sítáàṣì àlìkámà so etí òkè nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e kọ́ sí ògiri tí oòrùn kì í tàn sí, tí kì í sì í lààgùn lásìkò òjò.

Tí ayàwòrán bá ń tà á láìsí férémù, èyí ni kí ẹ rà.