Flightradar24 àti Google Lens: èwo ló wúlò tí wọ́n bá ní gómìnà ti fò lọ?

Bí àhesọ pé olóṣèlú kan ti yọ́ lọ sókè òkun bá ti balẹ̀ sórí WhatsApp l'Ádó-Èkìtì, ohun méjì ni àwọn tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò máa ń sáré ṣí lórí fóònù: Flightradar24, tó ń fi bààlúù hàn lójú òfurufú, àti Google Lens, tó ń bá èèyàn wá orísun àwòrán. Flightradar24 ni ọ̀pọ̀ fi ń jiyàn jù, torí pé ó dùn ún wò. Ìdájọ́ wa ni pé Lens ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Flightradar24 mọ bààlúù dáadáa, kò mọ ẹni tó jókòó sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bààlúù fúnra rẹ̀ ló ń ké sáfẹ́fẹ́ lemọ́lemọ́ pé ibi báyìí ni mo wà, mo ga tó báyìí, eré mi tó báyìí. ADS-B ni wọ́n ń pe igbe náà. Ẹ̀rọ kékeré tó ní ẹ̀ríálì, tí àwọn olùyọ̀ǹda gbé sórí òrùlé wọn káàkiri ayé, ló ń gbọ́ ọ tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà ní Sweden. Igbe yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí òkè po. Tí òkè tàbí ilé gíga bá dí i, ó parí. Bààlúù tó wà lókè tó 30,000 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ̀rọ tó wà ní 300 kìlómítà sí i lè gbọ́ ọ. Tó bá ti ń sọ̀kalẹ̀, àfi ẹ̀rọ tó wà nítòsí. Ìdí nìyí tí bààlúù tó ń bọ̀ l'Ákùrẹ́ tàbí ní pápákọ̀ òfurufú Èkìtì fi lè pòórá lórí máàpù kó tó balẹ̀. Àwọn kan á ní awakọ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ pa á káráyé má baà rí ọ̀gá. Ẹ̀rí wo ni wọ́n ní? Kí ẹ̀rọ má sí nítòsí nìkan ti tó láti fa irú ìyẹn.

Ẹ má wá orúkọ olóṣèlú níbẹ̀ o. Nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀ tó wà lára bààlúù ni kí ẹ wá. Ti Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Airbus A330 tí Ààrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, 5N-FGA ni tirẹ̀. Ti Ààrẹ yá díẹ̀ nígbà náà. Ti gómìnà ló le, torí ó lè wọ bààlúù tí tolórí tẹlẹ́mù ń wọ̀ láti Èkó tàbí Àbújá, ó sì lè háyà ti aládàáni tí ara rẹ̀ gbé N ti Amẹ́ríkà tàbí T7 ti San Marino dípò 5N. Ẹni tó ni bààlúù tún lè bẹ̀bẹ̀ pé kí Flightradar24 fi òun pamọ́. ADS-B Exchange, ojúlé míì tó ń tọpa bààlúù, kì í gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá èyí tó bá sọnù.

Ohun méjì ló máa ń ba àyẹ̀wò jẹ́ níbí. Àkọ́kọ́ ni aago. UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni Flightradar24 sábà máa ń fi hàn, tiwa sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Ẹni tí kò bá fi wákàtí kan kún un á ní bààlúù ti gbéra kí ọ̀gá tó kúrò níbi ayẹyẹ, irọ́ míì á sì tún dé. Ìkejì ni ojú ọ̀nà tó gba orí aginjù Sàhárà kọjá, níbi tí ẹ̀rọ ò ti pọ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ bààlúù náà tó kọ Estimated síbẹ̀, àbá ni wọ́n ń dá, wọn ò rí i. Ní ti owó, ọ̀fẹ́ ń fúnni ní ìtàn ọjọ́ 7; nínú àwọn tí wọ́n ń sanwó fún, Silver ń fúnni ní ọjọ́ 90, Gold ọjọ́ 365. Fún àhesọ, ọ̀fẹ́ ti tó, bẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọ̀sẹ̀ tó jáde.

Google Lens ni iṣẹ́ gan-an wà. Ọ̀pọ̀ àhesọ ìrìnàjò ò ní ẹ̀rí kankan ju àwòrán kan ṣoṣo lọ: ọ̀gá dúró ti báàgì ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "London láàárọ̀ yìí". Àwòrán ọ̀hún sì lè ti lo ọdún mẹ́ta lórí ayélujára. Ẹ fi í pamọ́ sórí fóònù, ẹ ṣí áàpù Google, ẹ tẹ àmì kámẹ́rà tó wà nínú àpótí ìwákiri, kẹ́ ẹ mú àwòrán náà. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni pé ohun tó bá tóbi jù lójú àwòrán ni Lens máa ń lẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ agbádá àti fìlà ló gba ojú ibẹ̀, ọjà ni yóò kó dé: agbádá ọlọ́nà, fìlà aṣọ òkè, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà á. Wọ́n á ní Lens ò mọ nǹkan kan. Ẹ fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àpótí tí Lens yà sójú àwòrán kúrò lára aṣọ, kẹ́ ẹ gbé e sórí ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀gá: pátákó, orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ìrísí òrùlé. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí ẹlòmíì tí wọ́n jọ dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ wá a kẹ́ ẹ tó sọ pé kò sí. Tí lẹ́tà ara pátákó bá kọjú sódì, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti yí àwòrán náà padà kí ìwákiri má baà mú un. Ẹ yí i sí bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ tún un wá.

Àbùkù Lens ni pé kì í to èsì tẹ̀ lé ọjọ́. TinEye, ojúlé míì tó ń wá orísun àwòrán, ló ń ṣe ìyẹn: ẹ yan Oldest, èyí tó pẹ́ jù nínú ohun tí TinEye rí á bọ́ síwájú. Àmọ́ àwòrán tiwa-n-tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú àká rẹ̀, nítorí náà Lens ni kó ṣáájú. Tí àwọn méjèèjì ò bá sì rí nǹkan kan, ìyẹn ò sọ àwòrán di tuntun, torí wọn kì í wọ inú WhatsApp.

Ẹ tún fi ojú ara yín wò ó. Nọ́mbà ọkọ̀ ní Ìlú Ọba, funfun ni ti iwájú, ti ẹ̀yìn jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Ní London lópin oṣù Kejìlá, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù Kẹfà, ó máa ń kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ta ló wá rí oòrùn níbẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì? Kẹ́ ẹ sì rántí pé Èkó sí London nìkan lé ní wákàtí mẹ́fà nínú bààlúù. Ẹni tó wà níbi ìpàdé l'Ádó ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ò lè máa jẹun ní London ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Ẹ má wulẹ̀ wá ọjọ́ àti aago nínú àwòrán tó gba WhatsApp kọjá; WhatsApp máa ń bọ́ ìyẹn dànù. Ẹ ní kí ẹni tó yà á fi í ránṣẹ́ bíi document.

Lójú tiwa, ìwé kan wà tó lágbára ju áàpù méjèèjì lọ. Abala 190 òfin ọdún 1999 ní kí gómìnà tó ń lọ fún ìsinmi kọ̀wé sí Abẹnugan ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí igbákejì rẹ̀ sì di adelé. Bí kò bá kọ ọ́ láàárín ọjọ́ 21, ilé gbọ́dọ̀ dìbò sọ igbákejì di adelé. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Yar'Adua ni wọ́n tún un ṣe báyìí lọ́dún 2010: ó lọ sí Saudi Arabia ní 23 oṣù Kọkànlá 2009 láìkọ̀wé, ọ̀ràn Ààrẹ sì há títí di 9 oṣù Kejì 2010 tí ilé aṣòfin àpapọ̀ sọ Jonathan, igbákejì rẹ̀, di adelé. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀ròyìn tó ń bá ilé aṣòfin ṣiṣẹ́ bóyá wọ́n ka lẹ́tà. Tí lẹ́tà bá wà, ó tán. Tí kò bá sí, kò túmọ̀ sí pé ó wà nílé, torí ìrìnàjò ọjọ́ méjì fún iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ìsinmi.

Bí gbogbo èyí bá sú yín, Dubawa àti Africa Check ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kì í yára tó àhesọ, àmọ́ iṣẹ́ wọn mọ́. Ẹ má fi àwòrán nìkan ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó bá a wá kún un, ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín, àti bóyá ọfà méjì wà lókè rẹ̀. Ọfà méjì yẹn ń sọ pé ó kéré tán, ìgbà márùn-ún ni wọ́n ti ń tari rẹ̀ kó tó kàn yín.