Paystack fún ẹni tí iṣẹ́ oṣù ti sú ní Ìlọrin: ibi tó ti ṣeé gbára lé àti ibi tó ti ń jáni kulẹ̀

Láti Tanke dé Gánmọ̀, iṣẹ́ tó ń lé èèyàn sá kò ṣọ̀wọ́n: owó oṣù tí kì í dé àfi tí oṣù tuntun bá ti lọ dé ìdajì, fóònù tí wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì, owó tí wọ́n ń yọ nítorí pé èèyàn fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́. Ẹni tó bá wà nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo fìlà àti gèlè òfì tí wọ́n ń hun nínú ìlú, kó sì máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí òun ò lè máa tà á fún ará Èkó àti Àbújá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú tó ń bí èèyàn lè gbé e dìde, ṣùgbọ́n kò lè bá a gba owó lọ́wọ́ oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tó lè bá a gbà á la fẹ́ yẹ̀ wò níbí: Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá bó ṣe rí fún ẹni tó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó sì ń tajà lálẹ́.

Shola Akinlade àti Ezra Olubi ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2015. Ní oṣù kẹwàá 2020, Stripe, ilé iṣẹ́ ìsanwó ti Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn ti ń rà á. Ìyẹn tó fún ìtàn. Iye tí wọ́n ń yọ ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìrò.

Lórí owó tí wọ́n san láti inú Nàìjíríà, wọ́n ń yọ 1.5% pẹ̀lú ₦100. Bí ọjà ò bá tó ₦2,500, wọn kì í yọ ₦100 yẹn. Bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó, ohun tí wọ́n máa yọ kì í kọjá ₦2,000. Ti káàdì òkè òkun yàtọ̀: 3.9% pẹ̀lú ₦100. Ẹ wá fi ìyẹn ṣe ìṣirò. Ẹni tó ta ọjà ₦2,500 máa gba ₦2,362.50. Ẹni tó ta ọjà kan náà ní ₦2,400 máa gba ₦2,364. Ẹni tó dín owó ló jèrè jù! Bí ọjà yín bá wà ní àdúgbò iye yẹn, ẹ kọ ₦2,490 sí i, ₦2,452.65 ni yóò wọlé. Ní òkè pátápátá, láti nǹkan bí ₦126,700 lọ, iye tí wọ́n ń yọ kì í gòkè mọ́. Aṣọ ìyàwó ₦250,000 kò san ju ₦2,000 lọ, ìyẹn 0.8%. Ìdí nìyẹn tí Paystack fi bá aṣọ ẹbí àti aṣọ òkè mu dáadáa, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá ohun tí wọ́n ń tà ní ₦3,000 lẹ́yọ ẹyọ mu. Ẹni tó ń ta kúlíkúlí tàbí ẹ̀gúsí lílọ̀, kó máa dì í pọ̀ ní mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin.

Àwọn kan fẹ́ kí oníbàárà ru iye yẹn fúnra rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má kàn fi ₦325 kún ọjà ₦15,000, torí Paystack yóò yọ 1.5% lára àfikún náà. Ẹ fi ₦100 kún iye tí ẹ fẹ́ gbà, kí ẹ wá pín in pẹ̀lú 0.985. Fún ₦15,000, ó máa jẹ́ ₦15,329.95, ₦15,000 yín á sì pé.

Láti bẹ̀rẹ̀, ẹ ò nílò ìwé CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ìṣòwò sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní Starter Business ni ẹ máa ṣí: BVN yín, àkáǹtì báńkì tó wà lórúkọ ara yín, àti àlàyé ohun tí ẹ ń tà. Bí orúkọ inú àkáǹtì bá yàtọ̀ sí ti BVN, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ti kọ́kọ́ há. Ẹ yanjú ìyẹn ní báńkì ná. Wọ́n máa fún yín ní ibi ìdánwò, Test Mode, tó jọ ibi iṣẹ́ gidi lójú. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tuntun ló ń wà nínú ìdánwò bẹ́ẹ̀ láìkúrò níbẹ̀, tí oníbàárà á fi káàdì rẹ̀ síbẹ̀ títí tí owó ò ní lọ. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi so ìsọ̀ yín mọ́ Paystack ló máa sọ fún yín: pk_test ni ti ìdánwò, pk_live ni ti owó gidi. Kí ẹ tó kéde fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi káàdì ara yín ra ohun ₦200, kí ẹ sì dúró títí owó náà fi dé báńkì.

Ẹni tí kò ní ìkànnì tirẹ̀ lè lo Storefront wọn, ìyẹn ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa kó ọjà síbẹ̀, ẹ máa kọ iye tó kù lórí igbá, wọ́n á sì fún yín ní àdírẹ́sì lábẹ́ paystack.shop. Àléébù rẹ̀ fún ará Ìlọrin ni pé kò gbọ́ ìdúnàádúrà. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀: ta ló máa san iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ láìsọ pé "ẹ bá mi yọ díẹ̀"? Ọ̀nà tó dára ni pé kí ẹ jọ ná an tán lórí WhatsApp, kí ẹ wá ṣe Payment Page, ìyẹn ojú ìwé ìsanwó, tó ní iye tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí, kí ẹ fi línkì rẹ̀ ránṣẹ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni lórí fóònù.

Bí oníbàárà bá yàn láti san án pẹ̀lú tíráńsífà, Paystack máa fún un ní nọ́ńbà àkáǹtì fún ìgbà díẹ̀, fún iye yẹn gan-an. Ẹ kìlọ̀ fún un kó má ṣe fi nọ́ńbà náà pamọ́ de ìgbà mìíràn, kó má sì san ìdajì. Àǹfààní ibẹ̀ pọ̀: alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ò ríbi wọlé. Ohun tó bá wà lójú dasibọ́ọ̀dù yín, ojú ìwé tí Paystack ti ń fi owó tó wọlé hàn yín, ni ẹ máa gbà gbọ́, ẹ má wo àwòrán risíìtì tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́.

Níbi owó tó ń dé báńkì, ẹ fara balẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ kejì ni wọ́n ń san án. Owó ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé, ìsinmi ìjọba sì ń tì í síwájú sí i. Lójú ẹni tó ń ta aṣọ òkè, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, nítorí pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ni iṣẹ́ ń pọ̀ jù, ìgbà náà gan-an ni ìsinmi máa dé. Ahunṣọ fẹ́ owó òwú lọ́wọ́ kó tó ta á sórí òfì. Nítorí náà, ẹ gba owó àsansílẹ̀, ó kéré tán iye tó máa ra òwú, tààrà sínú àkáǹtì báńkì, kí ìyókù wá gba Paystack kọjá nígbà tí aṣọ bá parí.

Ibi tó burú jù fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ni àríyànjiyàn owó. Oníbàárà lè sọ fún báńkì rẹ̀ pé òun ò rí ọjà gbà, tàbí pé òun kọ́ lòun san owó náà. Paystack á fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú gbèdéke. Bí ẹ bá dákẹ́ títí gbèdéke fi kọjá, wọ́n á kà á sí pé ẹ gbà, wọ́n á sì dá owó padà. Ẹni tí fóònù rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá láti aago mẹ́jọ dé aago mẹ́fà lè pàdánù owó tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ ṣí ímeèlì ìṣòwò lọ́tọ̀, kí ẹni tí ẹ fọkàn tán nílé náà lè máa wò ó lọ́sàn-án. Fún ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹ tọ́jú ohun mẹ́ta sínú fódà kan: àwòrán ọjà kí ẹ tó dì í, ìwé wébíìlì tó ní nọ́ńbà, àti ọ̀rọ̀ WhatsApp tí oníbàárà ti sọ pé òun ti gbà á. Ẹni tó bá gbé ẹrù fún dírẹ́bà ní gáréèjì láìgba ìwé kankan kò ní ẹ̀rí tó máa fi hàn.

Ẹ wá wo òdiwọ̀n Starter Business: ₦2,000,000 ni gbogbo owó tó lè gba ibẹ̀ kọjá lápapọ̀, kì í ṣe lóṣooṣù. Ó dà bí owó ńlá títí ẹ ó fi ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ ra fìlà ní ₦4,000, ẹ tà á ní ₦6,000, ẹ fi ₦150 dì í, oníbàárà ló san owó ẹrù. Paystack yọ ₦190. Èrè tó kù jẹ́ ₦1,660. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí láti 2024 jẹ́ ₦70,000 (òfin náà kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, èyí tó pọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni àti ṣọ́ọ̀bù wa). Láti rí ₦70,000, fìlà 43 lẹ máa tà lóṣù. Ìyẹn jẹ́ ₦258,000 tó ń gba Paystack kọjá. Kò ní pé oṣù mẹ́jọ tí ògiri ₦2,000,000 á fi dé iwájú yín, bóyá ní oṣù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, bí gbogbo owó bá ti dé ₦1,200,000, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ CAC. Orúkọ ìṣòwò, Business Name, ti tó, ẹ ò nílò kọ́ńpìnnì. Ẹ mú orúkọ méjì dání, torí wọ́n lè kọ ti àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá fi orúkọ pamọ́ fún yín, 60 ọjọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni àkáǹtì báńkì lórúkọ ìṣòwò, torí Paystack kò ní san owó ìṣòwò tó ti forúkọ sílẹ̀ sínú àkáǹtì ara ẹni. Ìgbésẹ̀ báńkì yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Kí Paystack tó wúlò rárá, oníbàárà gbọ́dọ̀ wà. WhatsApp Business, tó jáde ní 2018, ló yẹ kó ṣáájú. Kátálọ́ọ̀gù rẹ̀ ń gba ọjà 500. Broadcast List kan, èyí tí ẹ fi ń fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ń gba èèyàn 256, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń pariwo pé òun fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí 256, tí ẹyọ 9 péré dáhùn, ibẹ̀ ni kó wò.

Ìkànnì tiyín lórí WordPress (tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì) àti WooCommerce (tó ń sọ ọ́ di ìsọ̀) lè dúró de ìgbà tí ẹ bá ń ta tó 30 lóṣù. Sọ́fítíwíà méjèèjì àti ohun tó so wọ́n mọ́ Paystack jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó orúkọ ìkànnì àti ti ibi tí ìkànnì náà ń gbé (hosting) ni ẹ máa san lọ́dọọdún. Ọ̀fìn méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá yín kọ́ ọ máa ń fi ímeèlì ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, orúkọ ìkànnì á sì di tirẹ̀. Ẹ fúnra yín ni kó ra .com.ng tàbí .com náà. Ìkejì ni webhook, àdírẹ́sì tí Paystack fi ń sọ fún ìsọ̀ yín pé owó ti wọlé. Bí oníbàárà bá sanwó tán tó sì ti ojú ìwé náà kó tó padà sí ìsọ̀, WooCommerce kò ní mọ̀ pé ó ti san. Bí ẹ ò bá yí ètò rẹ̀ padà, ìṣẹ́jú 60 ló ń fi ọjà pamọ́ fún ẹni tí kò tíì san, lẹ́yìn náà á fagi lé e. Ẹ da àdírẹ́sì webhook tó wà nínú ètò Paystack lórí WooCommerce kọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ dasibọ́ọ̀dù Paystack. Ẹ sì dín àwòrán kù sí 200KB kí dátà oníbàárà má tán kó tó rí àwọ̀ fìlà.

Máàkì wa: 4 nínú 5 fún ẹni tó ń ta ohun tó ju ₦10,000 lọ, 2 nínú 5 fún ẹni tó ń ta nǹkan kéékèèké tó sì nílò owó lójú ẹsẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ẹ ka ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ yín bóyá ó ka òwò ẹ̀gbẹ́ léèwọ̀, ẹ má sì lo kọ̀ǹpútà tàbí nọ́ńbà oníbàárà ọ̀gá fún ìsọ̀ yín. Bí ìwé náà kò bá sọ iye ọjọ́ ìkìlọ̀, Òfin Iṣẹ́ ní Apá 11 sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé: ọjọ́ 1 fún ẹni tí kò tíì lò ju oṣù 3, ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 5, oṣù 1 fún ẹni tó ti pé ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín, kí owó oṣù tó kù má baà di ẹjọ́.