Mọ́tò iná 15 kW tó jẹ́ IE3: owó rírà rẹ̀ kọ́ ni ìnáwó

Mọ́tò fẹ́ẹ̀sì mẹ́ta tó ń fa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ adìyẹ la yẹ̀ wò níbí: 15 kW, onírin dúdú, tí wọ́n kọ IE3 sí lára. IE ni àmì tó ń sọ bí mọ́tò ṣe ń lo iná láìfi ṣòfò tó: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga sí i ni ìfiṣòfò ń dín kù. Àwọn tó ń bá a du oníbàárà ni tòkunbọ̀ IE1 àti èyí tó ti jó rí tí wọ́n tún kọ́ìlì rẹ̀ wé. Àwọn méjèèjì yìí máa ń rọ̀ lọ́rùn ju tuntun lọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ń parí ìṣirò wọn sí.

Ìlànà IEC, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà ohun èlò iná kalẹ̀, ní kí IE3 tó tóbi tó yìí sọ 92.1% iná tó bá gbà di agbára, 88.7% ni ti IE1. Kí 15 kW tó lè jáde lójú ọ̀pá rẹ̀, IE3 á gba 16.29 kW, IE1 á gba 16.91. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 12 lójúmọ́, ọjọ́ 300 lọ́dún, tí yúnìtì kan sì jẹ́ ₦200, iná tí IE3 máa jẹ lọ́dún kan sún mọ́ mílíọ̀nù ₦11.7. Ti IE1 á fi nǹkan bíi ₦449,000 ju bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́dọọdún. Bó bá jẹ́ iná jẹnẹrétọ̀ lẹ̀ ń lò, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tan ẹ̀rọ fún wákàtí kan péré lójúmọ́, nǹkan bíi ₦37,000 ló máa rí dá dúró lọ́dún. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ra tòkunbọ̀ tó dáa, kó fọkàn balẹ̀.

IE3 náà lábùkù tiẹ̀. Iná tó máa ń fà nígbà tó bá fẹ́ gbéra pọ̀ ju ti IE1 lọ, bírékà àtijọ́ lè máa já. Ẹ fi sítáà-dẹ́tà, ìyẹn sítátà tó ń dín iná ìgbéra kù, gbé e, pàápàá lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ó tún ń yára díẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ fáàn tàbí pọ́ńpù ló ń fà, ìyára 1% tó lé sí i á gba agbára 3% sí i, èrè yẹn á sì bá ibẹ̀ lọ àyàfi tẹ́ ẹ bá yí púlì padà.

Èyí tí wọ́n tún wé kì í ṣe ohun àbùkù. Ọwọ́ ẹni tó wé e ló wà. Tó bá jẹ́ pé iná gbalasa ló fi sun kọ́ìlì àtijọ́ kúrò, àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí wáyà tuntun tó lè tún wọn ṣe: mọ́tò á máa gbóná, á máa jẹ iná dànù títí ayé rẹ̀. Inú ààrò tí ooru rẹ̀ kò kọjá 370°C ló yẹ kó ti sun ún. Ẹ bi í bóyá iye ìyípo àti ìnípọn wáyà bá ti tẹ́lẹ̀ mu, bóyá ó sì rì í sínú fáníìṣì kó tó yan án gbẹ. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kó sáré láìfa nǹkan kan, kẹ́ ẹ fi kílámípù, ohun ìwọn áńpù, wọn fẹ́ẹ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀kan bá dá yàtọ̀, ẹ má gbé e.

Ooru àti béárìn ló ń pa mọ́tò. Bí kọ́ìlì bá fi 10°C gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀mí rẹ̀ á dín sí ìdajì. Bí fọ́ltéèjì fẹ́ẹ̀sì mẹ́ta bá fi 1% yàtọ̀ síra, iná tí wọ́n ń gbé lè fi 6 sí 10% yàtọ̀. Bí fẹ́ẹ̀sì kan bá sì já pátápátá nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó lè jóná kẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ tó mọ̀. Owó rílé tó ń ṣọ́ fẹ́ẹ̀sì, tó sì ń pa mọ́tò bí ọ̀kan bá já, kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó wíwé, ẹ má ra mọ́tò láìra rílé yìí. Ẹ ṣètò ofalódù, ohun tó ń pa mọ́tò bí áńpù bá pọ̀ jù, sí iye áńpù tó wà lára mọ́tò, kì í ṣe èyí tí kò ní jẹ́ kó já. Ẹ máa nu eruku oúnjẹ kúrò lójú fáàn. Bẹ́líìtì tó le jù ló máa ń jẹ béárìn iwájú. Gírísì àpọ̀jù náà sì ń ba béárìn jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú ńkọ́? Bàbà àti irin inú IE3 pọ̀, ó máa ń wúwo. Èyí tó bá fúyẹ́ ju IE1 tó bá a dọ́gba lọ, tí kò sì kọ ìdá ọgọ́rùn-ún kankan sí ẹ̀gbẹ́ IE3 tó wà lára rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó fẹ́ tà á.