Orin Kòríà ní South Gate FUTA: ọjà dára, ìtò rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó

Ẹ̀yin tí ọmọ ń dà láàmú nítorí orin Kòríà ní Àkúrẹ́, ṣọ́ọ̀bù kótópó kan wà nítòsí South Gate FUTA tó ń kó o sí fláàṣì fúnni. ₦1,000 ni wọ́n ń gbà. Aránṣọ ni mí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló sọ mí di oníbàárà wọn, torí tí orin yẹn bá ti ń dún, wọn kì í tòògbé lórí máṣìnì.

Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ ọmọkùnrin náà mọ́. Orin rẹ̀ kì í há, orúkọ olórin sì máa ń wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á ní, "Mummy, ẹ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó sanwó," á wá na hẹ́dífóònù kan sí yín tó jẹ́ pé etí ọ̀tún nìkan ló ń dún. Tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ̀ bá sì ń kù, ẹ kàn máa mirí ni.

Fódà rẹ̀ ni mo bá a fà. Ọ̀nà méjì ló pín in sí: "Ọmọ Onílẹ̀" fún àwọn olórin tó jẹ́ ọmọ ìlú Kòríà, àti "Ọmọ Amẹ́ríkà" fún àwọn ẹ̀yà Kòríà tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní àwọn ará Kòríà fúnra wọn ló ń pín wọn bẹ́ẹ̀.

Irọ́ kọ́. Ìtòsí Seattle ni wọ́n ti bí Jay Park, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ olórin 2PM tẹ́lẹ̀. Ní 2005, nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ orin ní Seoul, tí àárò ilé ń sọ ọ́, ó kọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa Kòríà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ìkànnì MySpace. September 2009 ni wọ́n tó hú u jáde. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi kúrò nínú ẹgbẹ́, tó padà sí Seattle. Èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá níbẹ̀. Ṣebí ọmọ àdúgbò wa kan ti Houston dé nígbà kan, tó ní iná wa kò dáa. Àwọn àgbà ní kó máa padà síbi tó ti wá. Àwọn tó ń bú NEPA lójoojúmọ́! Àwọn náà ló tún bẹ̀ ẹ́ pé kó wá fi Gẹ̀ẹ́sì afimúsọ ṣe MC níbi ìgbéyàwó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lọ́hùn-ún: ilé iṣẹ́ orin ń wá ọmọ òkè òkun nítorí Gẹ̀ẹ́sì àti rap wọn, ṣùgbọ́n bí ẹnu wọn bá ti kan ìlú, wọ́n di àlejò.

Ti olórin Yoo Seung-jun yàtọ̀, ẹ̀yìn onílẹ̀ ni mo wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ológun pọn dandan fún ọkùnrin tí ara rẹ̀ bá le ní Kòríà; ó ti sọ fún gbogbo ayé pé òun á lọ, kó tó yí padà di ọmọ Amẹ́ríkà ní 2002. Ìjọba ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó ti jàre ní ilé ẹjọ́ tó ga jù, síbẹ̀ wọn ò fún un ní físà. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní bárékè kò ní tètè gbàgbé irú èyí.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ọmọ oníṣọ́ọ̀bù yìí ju Tablo, olórin ẹgbẹ́ Epik High, sáàárín àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. Ìwé Kánádà ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn! Ojú rẹ̀ rí màbo ní 2010, nígbà tí ogunlọ́gọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kò lọ sí Stanford. Yunifásítì náà ní ọmọ àwọn ni, ọlọ́pàá wádìí, òótọ́ ni, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń pariwo nígbà náà pé ayédèrú ni.

Ó ti bá mi yọ Tablo kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní da fódà méjèèjì pọ̀, pé bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń béèrè fún un nìyẹn. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ mú fláàṣì tiyín dání, torí èyí tó ń tà kì í pẹ́ bàjẹ́, kẹ́ ẹ sì yẹra fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, èrò máa ń pọ̀ jù.