Ẹ ṣọ́ra fún ọlọ́jà tó ń tú baking soda sí láílọ́ọ̀nù, tó ń pè é ní baking powder

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kéèkì nílé, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó tún ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ń tú ọjà kúrò nínú agolo, tó ń dì í sí láílọ́ọ̀nù. Ọjọ́ kẹrin rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, inú ṣì ń bí mi bí ẹni pé àárọ̀ yìí ni. Ojú ń tì mí náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá torí ìtìjú dákẹ́, ẹlòmíì ló máa kó sí i lọ́wọ́.

Ìyá mi pé ọdún 70 lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èmi ni mo sọ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má náwó sórí kéèkì, pé ọwọ́ ara mi ni n ó fi ṣe é fún màmá mi. Ẹ má sì rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni o. Ó ti lé ní ọdún 6 tí mo ti ń ṣe kéèkì, ẹni kan ò sì bu tèmi jẹ kó yọ ọ́ sílẹ̀ rí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo ti wọn ìyẹ̀fun ife 4, mo ti kó ẹyin sílẹ̀, ni mo gbé agolo baking powder tó ń mú kéèkì wú, ó ṣófo. Mo kọ̀wé sí ọlọ́jà kan lórí ayélujára tí mo ti ra ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí. Mo kọ ọ́ ketekete: baking powder. N ò kọ soda. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Ó ní òun ní i, ó sì fi rán ọmọ kan wá kí wákàtí kan tó pé, òun àti bọ́tà tí mo ní kó fi kún un.

Láílọ́ọ̀nù funfun kan báyìí, wọ́n so ó lẹ́nu. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kò sí nǹkan kan. Ó yẹ kí n dá a padà níbẹ̀ yẹn. Mo mọ̀. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi, mo ti sọ ọ́ fún ara mi tó. Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè o! Mo pè é, mo ní, "Ṣé baking powder nìyí lóòótọ́?" Ó ní, "Òun ni, mà. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Iye tí ẹ máa ń wọn tẹ́lẹ̀ náà ni kí ẹ wọn." Èèyàn béèrè, wọ́n dá a lóhùn, kí ló tún kù tí mo fẹ́ ṣe láago 10 alẹ́?

Mo wọn ṣíbí ìmutíì 4 sí ìyẹ̀fun ife 4, bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo wò ó nínú ófùn, ó ti wú dé etí páànù, inú mi ń dùn. Kí n tó padà dé, àárín rẹ̀ ti jìn wọlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ara rẹ̀ pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní bóyá iná ló pọ̀ jù. Mo fi áísìn dí ojú ihò yẹn, mo lọ sùn. N ò tọ́ ọ wò. Ohun tí n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi nìyẹn, pé n ò tọ́ ọ wò.

Màmá ló kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Ẹnu wọn ni mò ń wò. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n dúró, wọ́n tún rọra jẹ ẹ́, wọ́n ní kí n bu omi fún àwọn. Wọ́n wá ní, "Ó dáa, ọmọ mi, o ṣeun." Ìyàwó àbúrò mi ni kò lè mú un mọ́ra, ó tu tirẹ̀ sínú bébà. Ni mo bá fi sẹ́nu. Ó korò, ó ń rùn bí ọṣẹ, ó ń ṣe bí ìgbà tí èèyàn lá irin. Ìyá ẹni ọdún 70 gbé ọṣẹ mì nítorí kí ojú má bàa ti ọmọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ìyá mi gbé e mì!

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo da omi gbígbóná sí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú láílọ́ọ̀nù funfun yẹn. Baking powder tó ṣì lágbára máa ń hó lójú ẹsẹ̀ tí omi gbígbóná bá kàn án. Èyí ò hó bó ṣe yẹ. Mo bu díẹ̀ sínú fínígà, ó hó yẹ̀ẹ́ títí ó fi ń ya sílẹ̀. Soda ni. Soda lásán!

Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀, ó wà níbí. Inú baking powder, soda wà níbẹ̀, ohun kíkan tó gbẹ wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun àgbàdo sì wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí wọ́n pàdé kí omi tó dé. Soda nìkan lágbára tó ìlọ́po 3 sí 4 rẹ̀, kò sì ní ohun kíkan tirẹ̀. Èyí tí kò bá rí ohun kíkan bá pàdé, inú kéèkì ló máa jókòó sí, òun ló ń di ìtọ́wò ọṣẹ yẹn, òun náà ló ń jẹ́ kó pọ́n jù. Ìwọ̀n ṣíbí 1 ì bá tó mi. Èmi fi 4.

Ohun tó ń dùn mí jù lọ ni pé tó bá sọ òtítọ́, kéèkì yẹn ì bá dára. Soda ì bá wúlò fún mi! Ìdámẹ́rin ṣíbí soda pẹ̀lú ààbọ̀ ṣíbí cream of tartar, ìyẹn ohun kíkan kan tó gbẹ, ló ń dípò ṣíbí 1 baking powder. N ò ní cream of tartar, ṣùgbọ́n mo ní mílíìkì, mo ní fínígà. Èèyàn á da ṣíbí ìjẹun 1 fínígà sínú ife mílíìkì 1, á fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10 kó kan, á sì lò ó dípò mílíìkì tí kò kan. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí, ó sì yọrí dáadáa. Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn fi nǹkan kan dípò òmíì tó bá mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ọkùnrin yìí ló fi nǹkan dípò nǹkan lẹ́yìn mi, tó sì ní kí n wọn ọ́n bí mo ṣe ń wọn ti tẹ́lẹ̀.

Mo ní kó dá owó mi padà. Ẹ mọ ohun tó kọ sí mi? "Ẹ̀yin ni ẹ ò mọ kéèkì ṣe." Èmi! Kí n tó dá a lóhùn, ó ti dí ọ̀nà mi pa lórí fóònù. Olè ni. N ò rí orúkọ míì pè é.

Ìgbà yẹn ni mo rántí bọ́tà náà. Inú bébà funfun lòun náà wà. Bí mo ṣe ń po ó mọ́ ṣúgà ni omi ń yọ lára rẹ̀, mo sì ń dá ara mi lẹ́bi pé n ò po ó dáadáa. Bọ́tà gidi, nínú ìdá 100 rẹ̀, bíi 80 ni ọ̀rá. Àwọn èyí tí wọ́n ṣe fún pípa lára búrẹ́dì, òmíì wà tí kò ju 40 lọ, omi ló pọ̀ jù nínú èyí tó kù. Mo fẹ́ fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun náà kì í ṣe bọ́tà. Ta ló tún kù tí èèyàn fẹ́ gbà gbọ́ báyìí? Ṣúgà tí mo rà nígbà yẹn ńkọ́? N ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà kankan gbọ́ mọ́, bó ti wù kó máa pè mí ní mà tó.

Ẹ ra ohun tí wọ́n ò tíì ṣí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: tó bá jẹ́ sodium bicarbonate nìkan lẹ rí, soda ni. Tí wọ́n bá ní "ọ̀kan náà ni", ẹ má gbà á. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba díẹ̀ dán an wò nínú kéèkì kékeré kan, kí ẹ sì tọ́ ọ wò. Ẹ dákun, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó gbé e síwájú ẹnikẹ́ni.

Àbúrò mi fi hàn mí láàárọ̀ yìí pé ọkùnrin náà ṣì ń polówó láílọ́ọ̀nù funfun yẹn. Ẹni tó bá ti ra irú ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó da omi gbígbóná sí díẹ̀ níbẹ̀ kó tó fọ́ ẹyin.